Kuiníìnì àti Ìrìn-àjò Odò Ọya, 1841 sí 1854

Nínú ìtàn bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba Odò Ọya wọ àárín ilẹ̀, ìbọn àti òwò ni a sábà máa ń tẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ibà ló kọ́kọ́ dá wọn padà, oògùn ló sì wá la ọ̀nà fún wọn. Ìrìn-àjò méjì, ti ọdún 1841 àti ti ọdún 1854, fi hàn pé níní oògùn lọ́wọ́ kò tó. Ìgbà tí a lò ó ló mú ìyàtọ̀ wá. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ní 1822, wà nínú méjèèjì.

Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ onírin mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, lábẹ́ H. D. Trotter, láti bá àwọn ọba etí odò ṣe àdéhùn lórí fífi òpin sí òwò ẹrú. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ ìlera ṣeré. Àwọn dókítà ọmọ-ogun ojú omi bá wọn lọ, D. B. Reid sì ṣe ẹ̀rọ tí ń fi kẹ́míkà fọ afẹ́fẹ́ mọ́ kí ó tó wọ inú ọkọ̀, nítorí ìgbàgbọ́ ìgbà náà ni pé afẹ́fẹ́ búburú láti inú àbàtà ló ń fa ibà. Ó di 1897 kí Ronald Ross tó fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Wọ́n wọ odò ní oṣù kẹjọ; bí oṣù kẹsàn-án ti bẹ̀rẹ̀ ni ibà bẹ́ sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ dókítà J. O. McWilliam, ibà mú 130 nínú òyìnbó 145, ó sì pa 40. Nínú aláwọ̀ dúdú 158, mọ́kànlá péré ni ó mú, kò sì pa ẹnì kankan. Nígbà tí Albert ń padà bọ̀, McWilliam fúnra rẹ̀ ló ń tọ́ ọkọ̀, nítorí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ti dùbúlẹ̀ àìsàn.

Kuiníìnì, tí a ti yọ láti ara èèpo igi ní 1820, wà nínú àpótí oògùn wọn. Àmọ́ ẹni tí ibà bá ti mú ni wọ́n ń fún. T. R. H. Thomson, dókítà mìíràn nínú ìrìn-àjò náà, ń lò ó lójoojúmọ́ kí ibà tó dé, ara rẹ̀ sì le. Ó gbé ìrírí yìí jáde ní 1846. Ní 1847, Alexander Bryson kó àkọsílẹ̀ àwọn dókítà ọkọ̀ ogun etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ, ó sì gbà wọ́n níyànjú láti lo kuiníìnì fún ìdènà.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ní 1854, W. B. Baikie, dókítà ọmọ-ogun ojú omi, di olórí ìrìn-àjò ọkọ̀ Pleiad lẹ́yìn ikú John Beecroft. Ojoojúmọ́ ló ń fún àwọn òyìnbó méjìlá inú ọkọ̀ ní kuiníìnì. Wọ́n lo ọjọ́ 118 lórí odò, wọ́n wọ Odò Bẹ́núè, ibà kò sì pa ẹnì kan nínú wọn.

Ipa ọ̀rọ̀ yìí ju ti ìṣègùn lọ. Ikú ọdún 1841 wà lára ohun tí J. F. Schön rí tó fi sọ fún ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS pé ọmọ Áfíríkà ni kí ó ṣe iṣẹ́ náà. Crowther di àlùfáà ní 1843; ó dá iṣẹ́ ìhìnrere Odò Ọya sílẹ̀ ní 1857 pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ṣùgbọ́n bí ibà kò ṣe pa òyìnbó bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́, ìdí tó lágbára jù fún fífi iṣẹ́ náà sọ́wọ́ ọmọ Áfíríkà ń yìnrìn. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó gba àṣẹ mọ́ Crowther lọ́wọ́. Ó kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ìgbà náà kó ipa tirẹ̀, kuiníìnì nìkan kọ́ ló fà á. Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ ibà tí àwọn dókítà inú ọkọ̀ kọ jẹ́ orísun ìtàn agbára àti ipò, kì í ṣe ti àìsàn nìkan.