Ohun tí Ó Wà Lábẹ́ Irin

Bí a bá ń sọ ìtàn rélùwéè nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ irin àti èéfín ni ó máa ń kún ẹnu wa. Ohun tí ó wà lábẹ́ irin ni a kì í rántí. Òun ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan ìmọ̀ tí àwọn baba wa ní nípa igi.

Ìtí tí a ń tẹ́ síbùú lábẹ́ irin ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń pè ní sílípà. Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe. Ó ń di irin méjèèjì mú kí wọ́n má baà yà kúrò ní ipò wọn, ó sì ń pín ìwúwo ọkọ̀ ká orí òkúta wẹ́wẹ́ tí ó wà nísàlẹ̀. Bí sílípà bá jẹrà, irin yóò yà, ọkọ̀ yóò sì dànù.

Ní ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Ojú irin dé Ìbàdàn ní òpin ọdún 1900, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1901. Nígbà tí ó jẹ́ pé igbó ni ó là kọjá, ẹnikẹ́ni lè rò pé igi ni ó kún abẹ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin ni ọ̀pọ̀ jùlọ sílípà ojú irin àtijọ́ Nàìjíríà, òkè òkun ni a sì ti kó wọn wá.

Ikán ni ìdí kìíní. Igi páìnì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò nílé wọn kò lè bá ikán wa jà, àfi bí a bá rẹ ẹ́ sínú epo dúdú kan tí a ń pè ní creosote, èyí tí John Bethell gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1838. Ìdí kejì ni pé Lọ́ńdọ̀nù ni a ti ń ra ohun èlò fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso.

Ṣé kò wá sí igi tí ó lè kojú ikán nílẹ̀ wa ni? Ó wà, ó sì ju ẹyọ kan lọ. Ìrókò ń bẹ, apá ń bẹ. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ń bẹ, igi aláwọ̀ òféèfé tí omi pàápàá kì í tètè bàjẹ́. Olórí wọn ni ekki, tí ó wúwo débi pé ó ń rì sínú omi. A ní láti lu ihò sí i kí ìṣó tó lè wọlé. Gbogbo gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó sì mọ̀ pé arère kò sí lẹ́gbẹ́ wọn. Ní ilẹ̀ Faransé, ekki yìí kan náà, tí wọ́n ń pè ní azobé, ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin.

N kò sọ pé àwọn tí ó yan irin gọ̀. Igbó olójò ni ekki àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ ń gbé, kì í ṣe ẹ̀bá ọ̀dàn bíi tiwa ní Akínyẹlé. Fífi ayùn ọwọ́ la irú igi bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kò fi ìmọ̀ àwọn agégi wa ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Ní 1899 ni a ya igbó ọba Olókèméjì sọ́tọ̀, lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè. Nígbà tí ó di 1902, igi tíìkì láti Éṣíà ni a gbìn síbẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó dé Mọníyà, ní Akínyẹlé. Kọnkéré ni sílípà rẹ̀. Ó dára, ikán kò ní rí i jẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ igi àti ìwà igi ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà tí ń la pákó ní Bódìjà àti ní àwọn abúlé wa. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Orúkọ kan ṣoṣo kò sì lè dá ìmọ̀ yìí ṣe. Àwa tí a ní kálámù lọ́wọ́ ni ó yẹ kí a tọ̀ wọ́n lọ, kí a bi wọ́n léèrè, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.