A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Aláìsàn àti Ará Ìlú nínú Ìwádìí Ètò Ọrọ̀-Ajé Ìlera, láti Àró dé Ọ̀jọ́

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Òwe yìí fi hàn pé àwọn baba wa ti so ìlera mọ́ ọrọ̀ tipẹ́ kí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé tó sọ ọ́ di ẹ̀ka ìmọ̀ kan ní yunifásítì. Iṣẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ yìí ni láti wádìí iye tí àìsàn ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, iye tí ìtọ́jú ń náni, àti irú ìtọ́jú tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ fi owó tí kò tó nǹkan ṣe. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé: ta ni ó ń sọ ohun tí a ó kà sí iye? Ṣé olùwádìí nìkan ni, tàbí aláìsàn àti àwọn tí ń sanwó ìtọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú?

Ó yẹ kí á ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí á lọ bi ará ìlú ní ìbéèrè tí a ti kọ sílẹ̀ kí á tó kúrò nílé. Ọ̀tọ̀ ni kí òun náà bá wa pinnu ohun tí a ó béèrè, bí a ó ṣe kà á, àti ìtumọ̀ tí a ó fún èsì rẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹni tí à ń wádìí ni. Nínú ti èkejì, alábàáṣe ni. Ìpolongo Alma-Ata ti ọdún 1978 ti sọ ọ́ pé àwọn ènìyàn ní ẹ̀tọ́, ó sì tún jẹ́ ojúṣe wọn, láti kópa nínú ìgbékalẹ̀ ètò ìlera wọn. Ní ọdún 1996, ètò ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ kí àwọn tí ń gba ìtọ́jú lè lọ́wọ́ nínú ìwádìí. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tìtorí èyí rò pé òkè òkun ni èrò náà ti ṣẹ̀. Ó ti wà nílẹ̀ wa ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tíì ṣe é dójú àmì. A ó wo Àró, Ìdèrè àti Enugu. Lẹ́yìn náà ni a ó wá bọ̀ sí Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n lónìí.

2. Àró: Owó tí ìjọba kò ná

Ní ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ilé-ìwòsàn tí wọ́n ń kọ́ síbẹ̀ kò tíì parí nígbà náà. Dípò kí Lámbò máa dúró de ibùsùn, ó tọ àwọn àgbà abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká lọ, wọ́n sì jọ fẹnu kò pé kí àwọn alárùn ọpọlọ máa gbé láàárín wọn. Ìlànà pàtàkì kan ni pé aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá. Ẹbí yìí ni yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú. Onílé ní abúlé a sì máa gba owó iyàrá.

Lámbò fi hàn pé ìtọ́jú ní abúlé kò náni tó ìtọ́jú lórí ibùsùn ilé-ìwòsàn. Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà: ará abúlé pèsè ilé, ẹbí pèsè iṣẹ́ ọwọ́. Láìjẹ́ pé a gba ìmọ̀ràn àwọn méjèèjì, ètò náà kì bá tí dúró. Síbẹ̀, ó yẹ kí á béèrè ohun kan. Owó tí ìjọba kò ná, ta ni ó ná an? Ìyá tí ó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti wá jókòó ti ọmọ ní Àró ti ná nǹkan, bí kò tilẹ̀ sí rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí olùṣirò bá wo ìwé ilé-ìwòsàn nìkan, yóò ní ètò náà pọ́ọ́kú. Bí ó bá bi ìyá náà, ìṣirò yóò yí padà. Èyí kò bu iṣẹ́ Lámbò kù. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé ará ìlú lè lọ́wọ́ nínú ìtọ́jú kí ó má lọ́wọ́ nínú ìṣirò.

3. Ìdèrè: Bí a ṣe ń ka sòbìà

Àpẹẹrẹ kejì ti ilẹ̀ Ìbàràpá wá. Àwọn àgbà ní bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí. Nínú àwọn ọdún 1980, William Brieger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí sòbìà ní Ìdèrè. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé ni pé ohun tí ará ìlú ń pè ní sòbìà gbòòrò ju ohun tí dókítà ń pè bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú dókítà, aràn tí ó yọ lára ni sòbìà. Lójú ará Ìdèrè, ó ti wà nínú ara ènìyàn tẹ́lẹ̀. Ara ríro àti wíwú tí aràn kankan kò tẹ̀ lé lè jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Olùwádìí tí kò bá mọ èyí, tí ó kàn ń béèrè pé, "Ǹjẹ́ sòbìà ṣe ọ́ lọ́dún tó kọjá?", yóò kó iye tí kì í ṣe iye wálé. Èyí ni ó mú kí wọ́n máa gba ìmọ̀ àwọn ènìyàn náà wọlé sínú ọ̀nà ìkaye.

Nípa ti ọrọ̀-ajé, àgbẹ̀ ọkùnrin tí kò lè lọ sóko ni ọ̀pọ̀ ìṣirò máa ń wò. Kò burú, nítorí àkókò tí iṣẹ́ oko pọ̀ ni sòbìà sábà máa ń dá ènìyàn mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1989, Susan Watts, Brieger àti May Yacoob tẹ ìwádìí kan jáde tí ó lọ bá àwọn ìyá ọlọ́mọ fúnra wọn. Ibẹ̀ ni ó ti hàn pé bí sòbìà bá mú ìyá, òwò rẹ̀ a dúró, ìtọ́jú ọmọ a mẹ́hẹ, ẹrù a sì bọ́ sórí àwọn ẹbí. Gbogbo ìwọ̀nyí kò sí nínú iye ọjọ́ oko tí a pàdánù. Àwọn aráńṣọ ìlú ni wọ́n rán aṣọ ìsẹ́mi, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé sì ń tà á fún àwọn aládùúgbò wọn. Báyìí ni ará ìlú kan náà tí ó sọ bí àrùn náà ti ń náni tó tún ṣe bá wọn wá iye tí àtúnṣe rẹ̀ yóò jẹ́.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá àwọn tí ó ní sòbìà jákèjádò Nàìjíríà ní 1987 sí 1988, wọ́n rí ju 650,000 lọ. Ní ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Lára ohun tí ó mú kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará abúlé tí ń ka àìsàn ládùúgbò wọn tí wọ́n sì ń ròyìn rẹ̀.

4. Enugu: Ìnájà gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìwádìí

Ìdèrè kọ́ wa láti gba orúkọ àìsàn lẹ́nu ará ìlú. Ó ku ọ̀rọ̀ iye owó. Ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ ń gbà mọ iye tí nǹkan tó lójú ènìyàn ni kí wọ́n béèrè iye tí ó múra tán láti san. Wọ́n lè dárúkọ iye kan kí olùdáhùn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Obìnrin tí ó ti ń ná ọjà láti kékeré mọ̀ pé iye tí a kọ́kọ́ dárúkọ kì í ṣe iye tí a ó tà. Bí ó bá ní òun kò ní san án, kò túmọ̀ sí pé kò fẹ́ ọjà náà.

Obinna Onwujekwe, ti Yunifásítì Nàìjíríà ní Enugu, ló fi òye mú èyí. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí àpò ẹ̀fọn olóògùn, ó gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí ó fi ìnájà ọjà wa ṣe àwòṣe: olùbéèrè a dárúkọ iye bí ọlọ́jà, olùdáhùn a sọ tirẹ̀ bí oníbàárà, wọn yóò sì máa nà án lọ títí wọn ó fi dé ojú kan. Ó fi ọ̀nà yìí wé méjì nínú àwọn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Níhìn-ín, ìmọ̀ ará ọjà ti di irin iṣẹ́ olùwádìí.

5. Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko

Ìtàn owó ìtọ́jú ní àgbègbè yìí ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹta lójú ẹ̀mí ènìyàn kan. Láti 1979 dé 1983, ìjọba Lateef Jákàńdè sọ ìtọ́jú di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba kan náà ni ó fi òfin dá yunifásítì tí ó wà ní Ọ̀jọ́ sílẹ̀ ní 1983. Lẹ́yìn tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé wọlé ní 1986, ọ̀rọ̀ di kí aláìsàn máa sanwó lójú ẹsẹ̀. Òfin ètò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2015 ló mú ètò adójútòfò Ìlera Èkó wá, àṣẹ gómìnà sì sọ adójútòfò ìlera di dandan ní oṣù Keje ọdún 2024.

Nígbà tí Ìlera Èkó bẹ̀rẹ̀, ₦8,500 ni ẹnì kan ń san lọ́dún, ₦40,000 sì ni ti ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́fà, ìyẹn bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ìṣirò yìí lè péye lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n kí ni ẹbí ní agbo ilé Àwórì ní Ìbà, níbi tí ìyá àgbà àti ọmọ àbúrò ti ń jẹ nínú ìkòkò kan? Ọlọ́dọọdún ni owó náà. Ẹni tí ń pàtẹ ní Okokomaiko ń dá àjọ lójoojúmọ́, alájọ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n lójú. Èwo ni yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn? Olùwádìí kò lè dá dáhùn ìwọ̀nyí nínú yàrá ìkàwé.

Àwọn kan yóò ní ètò ọrọ̀-ajé le jù fún ará ọjà. Àpẹẹrẹ Enugu ti dá wọn lóhùn. Àtakò tí ó wúwo jù ni èyí: nínú ìlú tí Àwórì, Ẹ̀gùn, Ìgbò, Haúsá àti akẹ́kọ̀ọ́ ti dàpọ̀, ta ni olórí tí a kò gbọdọ̀ fárí lẹ́yìn rẹ̀? Bí a bá dé ààfin Ọlọ́jọ̀ọ́ àti ti Oníbà, tí a sì pe ẹgbẹ́ onílé, a kò tíì gbọ́ ohùn ayálégbé, ọmọ iṣẹ́ ní ọjà Àlàbá, tàbí abirùn tí kò lè jáde. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ tí a fi ń jókòó ìpàdé jẹ́ ọjọ́ ọjà tí ẹlòmíràn pàdánù. A níláti kà á mọ́ iye owó ìwádìí.

6. Ìkádìí

A ti rí i pé ní Àró, ará ìlú pèsè ìtọ́jú ṣùgbọ́n kò sí nínú ìṣirò. Ní Ìdèrè, ó kópa nínú orúkọ àìsàn àti ìkaye rẹ̀. Ní Enugu, ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ inú ìlànà ìwádìí. Ohun tí ó kù ni kí ó wà níbẹ̀ kí a tó kọ ìbéèrè àkọ́kọ́ sílẹ̀. Nísinsìnyí tí òfin ti ní kí gbogbo ènìyàn san, ẹni tí a kò bi léèrè yóò máa sanwó fún ohun tí kò bá ilé rẹ̀ mu, tàbí kí ó sá fún un, kí ó sì máa ra oògùn lọ́wọ́ kẹ́mísìtì bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn wa fún àwọn tí yóò ṣe ìwádìí ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ti àwọn alájọ, àwọn ọlọ́jà àti àwọn ayálégbé, kí wọ́n jọ túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjì péré: ẹbí àti iye. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀.