Ẹ́ńjìnnì Àgbàtọ́: Lórí Èdè Àwọn Mẹkáníìkì ní Ifangni

Inú bí mi nígbà tí mo rí i tí ẹnì kan kọ "ọkọ̀ eré ìdárayá" fún irú ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tí wọ́n dìídì ṣe fún eré sísá. Eré ìdárayá ni bọ́ọ̀lù, òun ni ìjàkadì, òun ni kí àgbàlagbà na ẹsẹ̀ láàárọ̀ kí ara rẹ̀ lè yá. Ọkọ̀ kì í dárayá. Ẹni tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yẹn kò wo ọkọ̀ rárá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló tẹjú mọ́, tó ń tú u lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ eré tó jẹ́ ìyára wà nínú èdè wa láti ilẹ̀: a ń sá eré, ọkọ̀ ń sáré. "Ọkọ̀ asáré" ti tó. Àní "ayọ́kẹ́lẹ́" gan-an, tí mo fẹ́ràn, kò bá irú ọkọ̀ yìí mu. Ohun tó ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni ayọ́kẹ́lẹ́, orúkọ tó yẹ ọkọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Asáré kì í yọ́ rìn. Ohùn rẹ̀ la ń kọ́kọ́ gbọ́.

Ifangni ló mú kí n fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́. Ìlú náà wà ní ẹ̀ka ìjọba Plateau lórílẹ̀-èdè Benin, ní ọ̀nà tó ti Porto-Novo lọ sí Ìgòlò, níbi tí bodè Ìdí-Ìrókò ti bẹ̀rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀, ọmọ iṣẹ́ kan fi èdè Faransé kọ́ṣẹ́, ẹlòmíràn fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ ní Nàìjíríà, Nàgó àti Gun sì ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan ṣoṣo, èdè mẹ́rin lè bẹ̀rẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú Peugeot 504 onílẹ̀kùn méjì bí àpẹẹrẹ. Ilé iṣẹ́ Pininfarina ti Ítálì ló ya àwòrán rẹ̀. Ó jáde lọ́dún 1969, ọdún kan lẹ́yìn 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin tí gbogbo wa mọ̀, wọ́n sì ṣe é títí di 1983. Láti 1974 ni ó ti ń gbé ẹ́ńjìnnì V6, 2,664 cc, tí Peugeot, Renault àti Volvo jọ ṣe. Irú rẹ̀ ni awakọ̀ ìdíje Jean-Pierre Nicolas fi gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1978, tó sì tún fi gba ìdíje Bandama ní Côte d'Ivoire lọ́dún kan náà. Ká ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ igi, tí V6 rẹ̀ ti kú. Ibi tí ọwọ́ mẹkáníìkì máa yá sí ni ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin ti 504 lásán, 1,971 cc, nítorí pé ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í to 504, ó sì tò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì kún ọjà. Ó gbé e sí i. Kò parí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á dé, ó ní kí ẹnì kan bá òun yẹ iṣẹ́ náà wò. Kí ni wọn yóò máa pe ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò?

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orúkọ náà kò fa ìjà. Táyà, bíréèkì, gíà, rédíétọ̀, plọ́ọ̀gì, bóòtù: mo gbà wọ́n bí wọ́n ṣe wà. Àyẹ̀wò kò ní ìṣòro. Ọkọ̀ tí wọ́n pa tì ni ọkọ̀ àpatì, bí ilé àpatì. Èyí tó gbó tó sì níyì, "ògbólógbòó ọkọ̀" ni màá pè é, kì í ṣe "ọkọ̀ ayé àtijọ́", nítorí pé agbára àti ìrírí wà nínú ògbólógbòó, ìgbà tó ti lọ nìkan ló wà nínú àtijọ́. Ìlànà tèmi kò ju báyìí lọ: ká yá orúkọ irin, ká má yá orúkọ ìṣe. Irin ti ibòmíràn wá, orúkọ rẹ̀ lè bá a wá. Ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe sí irin, tiwa ni.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ níbi ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan ní ká máa pè é ní "ẹ̀rọ ọkọ̀". Inú "rọ" ni ẹ̀rọ ti wá, ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́ àti àdá, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó lọ́lá. Ṣùgbọ́n a ti dì í lẹ́rù jù: ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ amúnáwá. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ ni. Kí la fẹ́ fi "ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ" ṣe? Ní Ifangni, ìdí kejì tún wà. Moteur ni Faransé ń pe ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò tí Yorùbá yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, odindi ọkọ̀ ló ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra létí. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ní "moteur ti bàjẹ́", oníbàárà tó ti Ìdí-Ìrókò wá lè rò pé ọkọ̀ náà ti parí nìyẹn. Nítorí náà mo di ẹ́ńjìnnì mú ṣinṣin. Ó yàtọ̀ sí mọ́tò, kò sì bá ẹ̀rọ jà. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ lọ́dún 1984 kọ́ wa pé a lè fi èdè wa ṣàlàyé ìmọ̀ èdè fúnra rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì náà yẹ fún irú làálàá bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni ká pe ìṣe náà? "Pààrọ̀" ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń sọ. Pa àti ààrọ̀ ló di pààrọ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, ohun kan lọ, èkejì bọ̀. Ó dára fún ọ́ìlì, ó dára fún táyà, ó dára bí V6 bá jáde tí V6 míràn wọlé. Ṣùgbọ́n kò sọ pé àjèjì ló wọlé. Àwọn mìíràn ní "rọ́pò". Rọ́pò ń sọ ẹni tó wà ní ipò, kò sọ ìdílé tó ti wá. Mo ronú kan "ẹ́ńjìnnì adelé", mo sì fi í pamọ́ fún èyí tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, títí wọn yóò fi tún ti àkọ́kọ́ ṣe.

Èyí tí mo fẹ́ ni àgbàtọ́. Ọmọ àgbàtọ́ ni ọmọ tí ẹlòmíràn bí, tí a gbà, tí à ń tọ́. Ẹ́ńjìnnì àgbàtọ́ ni èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ míràn, tí ọkọ̀ yìí gbà. Ìkejì rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì abínibí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé èdè abínibí. Ẹnì kan ní "àmútọ̀runwá" dùn jù. N kò gbà, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe ọ̀run. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní orúkọ ọmọ ènìyàn kò yẹ irin, kó rántí tòkunbọ̀. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun ni, kó tó di orúkọ ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n ń já ní èbúté Èkó àti Kútọnu. Ìgbìmọ̀ kankan kò jókòó ṣẹ̀dá rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn àgbàtọ́ jù ni pé ìṣe méjì ló wà nínú rẹ̀. Gbígbà rọrùn, ọjọ́ kan lè tó o. Títọ́ ló ṣòro. Ẹ́ńjìnnì 504 lásán máa ń dàgẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní dígírì 45. Ìjókòó V6 kò lè gbà á láìṣe pé wọ́n rọ òmíràn. Páìpù gígùn ló bo ọ̀pá tó ń gbé agbára láti gíà lọ sẹ́yìn, bí gíà bá sì wọ́ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò máa gbọ̀n. Wáyà ńkọ́, omi rédíétọ̀ ńkọ́, orúkọ ẹ́ńjìnnì nínú ìwé ọkọ̀ ńkọ́? Tọ́ tún ni ọ̀rọ̀ wa fún ohun tí kò wọ́. Ẹni tó bá ń yẹ ọkọ̀ àpatì bẹ́ẹ̀ wò ní Ifangni lè bi mẹkáníìkì rẹ̀ pé: "Ọ̀gá, ẹ ti gbà á, mo rí i. Ṣé ẹ ti tọ́ ọ?"