Kí ló dé tí kámẹ́rà awò ìràwọ̀ fi gbọ́dọ̀ tutù?

Ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná kì í tàn, àmọ́ ọwọ́ ń mọ ooru rẹ̀ lára. Irú ìmọ́lẹ̀ tójú ò rí yìí ni wọ́n ń pè ní infrared. Òun ni awò ìràwọ̀ ńlá fi ń rí ohun tí eruku òfurufú bò. Bí kámẹ́rà rẹ̀ bá gbóná, ooru tirẹ̀ á bo ti ìràwọ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú un tutù ju yìnyín lọ fíìfíì.

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ náà ń gbé infrared mì. Olúmọ tiwa ò lè gba irú awò bẹ́ẹ̀. Orí òkè gbígbẹ ní Chile ni Gemini South wà, dígí rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 8.1.

Maggie Aderin-Pocock, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, bá wọn ṣe ẹ̀rọ kan fún Gemini. Ó tún ṣiṣẹ́ lórí NIRSpec, ẹ̀rọ infrared ti awò James Webb, tó ti wà lójú òfurufú láti 2021, níbi tí ọ̀rinrin ò lè dí i lọ́wọ́.