Ètò Ẹ̀kọ́ Ọ̀sẹ̀ Kan fún Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́: Láti Àgbádárìgì dé Aládé

Nígbà tí olùkọ́ kan bá jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì láti kọ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ sínú ìwé rẹ̀, tí ó fa ìlà, tí ó sì pín ọjọ́ márùn-ún fún ìwé kíkà, ìṣirò, Bíbélì, orin àti iṣẹ́ ọwọ́, kì í ṣe iṣẹ́ àná ni ó ń ṣe. Ó ti lé ní 170 ọdún tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ ti wọ ilẹ̀ wa. Ó yẹ kí a wo ibi tí ó ti wá, nítorí pé ohun púpọ̀ wà nínú rẹ̀ tí a ń tẹ̀ lé láì béèrè ìdí, àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún ni ó sì ń ru ẹrù rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. William de Graft, ọmọ ilẹ̀ Fántì, bá a wá. Òun àti aya rẹ̀ ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, èyí tí a kà sí ilé ẹ̀kọ́ ìwé àkọ́kọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, bí a bá fi èdè wa pè é, ni Ilé Ìtọ́jú Ọmọ-ọwọ́ Ìjọ. Orúkọ náà tutù létí. Ètò iṣẹ́ kò tutù tó o. Èyí tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ Mẹ́tọ́díìsì ń tẹ̀ lé ní 1848 ṣì wà nínú àkọsílẹ̀. Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, orin ni, lẹ́yìn rẹ̀ ẹsẹ Bíbélì tí a há sórí, orí kan nínú Ìwé Mímọ́, àti àdúrà. Láti aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí di ọ̀sán gangan: gírámà, ìwé kíkà, sípẹ́lì, ìwé kíkọ, jọ́gíráfì àti ìṣirò àkọ́sórí. Ní ọjọ́rú, kátíkísìmù gba ipò gírámà. Ní aago méjì ọ̀sán wọn padà dé: ìṣirò, ìwé kíkà, sípẹ́lì lẹ́ẹ̀kejì, àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, títí di aago mẹ́rin. Ọjọ́ Ẹtì wà fún àtúnkà àti ìdánwò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún ẹni tí ó ṣe ètò yìí. Ó mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ ní ìrìn tirẹ̀: ó mú ọjọ́rú yàtọ̀, ó sì fi ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀ kí a lè bojú wẹ̀yìn wo ohun tí a ti kọ́. Ó jẹ́ kí ọmọ sinmi fún wákàtí méjì nígbà tí oòrùn bá mú. Ṣùgbọ́n ẹ wá ètò ti àwọn ọmọkùnrin yíká, ẹ kò ní rí ohun kan ṣoṣo tí ọmọ lè fi ọwọ́ kàn. Kò sí ewé, kò sí amọ̀, kò sí òkúta, kò sí eré. Ọ̀rọ̀ ni láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú kì í sì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé wọn.

Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje gan-an jẹ́ àlejò nígbà náà. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń ka ọjọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn tí a fi ń pe ọjà rẹ̀ ní ọjà ọrọọrún. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìṣirò yóò rí i pé ọ̀sẹ̀ méje tiwa bá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti ilé ẹ̀kọ́ dọ́gba ní ọjọ́ 28. Ní àárín méjèèjì, ọjọ́ ọjà kì í dúró lójú kan, bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé lónìí, yóò bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì náà, ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e yóò sì tún yí padà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń lọ sí ọjà ní ètò mìíràn nílé. Ẹ má sì ṣe rò pé kò sí ẹ̀kọ́ nínú ètò ti ilé. Lálẹ́ ni àlọ́, níbi tí ọmọ ti ń kọ́ bí a ti í tò ọ̀rọ̀ àti bí a ti í dáhùn. Lábẹ́ igi ni ayò, ojúlé 12 pẹ̀lú ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá ń jẹ ayò ti mọ ìṣirò mẹ́rin lọ́nà méjìlá kí olùkọ́ kankan tó há a sí i lórí.

Owó ni ó tún mú ìdè náà le sí i. Ní 1882, nígbà tí Èkó ṣì wà lábẹ́ ìjọba kan náà pẹ̀lú Gold Coast, òfin ẹ̀kọ́ jáde pé ìjọba yóò máa fi owó ran ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ bá ti ṣe sí nínú ìdánwò. Alábẹ̀wò kan ṣoṣo, Metcalfe Sunter, ni ó ń bojú tó gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni owó wà fún, kò sí fún Yorùbá. Kí ni olùkọ́ tí ebi ń pa yóò ṣe? Ohun tí alábẹ̀wò yóò béèrè ni yóò fi kún ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Èmi kò bá a wí.

Ní àkókò kan náà tí Freeman ń gbé ní etí òkun wa, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Jámánì ń ro nǹkan mìíràn. Friedrich Froebel ṣí ilé kan fún àwọn ọmọ kéékèèké ní ìlú Blankenburg ní 1837; ní 1840 ó sọ ọ́ ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ọgbà àwọn ọmọ. Bọ́ọ̀lù olówùú aláwọ̀ oríṣiríṣi, igi onígun mẹ́rin, orin àti iṣẹ́ ọgbà ni ó fi ń kọ́ wọn, nítorí ó gbàgbọ́ pé eré ni iṣẹ́ ọmọdé. Ìjọba Prúsíà fòfin de ilé bẹ́ẹ̀ láti 1851 títí di 1860, bí ẹni pé bọ́ọ̀lù olówùú lè dojú ìjọba dé. Àwa Yorùbá pe irú ilé yìí ní jẹ́lé-ó-sinmi. Orúkọ náà ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà gbogbo: ará Jámánì wo ọmọ, ó rí ohun ọ̀gbìn; àwa wo ilé, a sì rí i pé ó nílò ìsinmi.

Ìgbà ń yí. Ní 1925 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwé kan jáde lórí ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà, tí ó fi àyè gba èdè abínibí ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ti orí iye tí ó lé díẹ̀ ní 450,000 fò sókè kọjá 800,000 láàárín ọdún kan. Ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí a kò tíì kọ́ ní iṣẹ́ ni a fi síwájú àwọn ọmọ tuntun náà, àwọn wọ̀nyí sì di ètò ọ̀sẹ̀ àtijọ́ mú bí ẹni tí ó di okùn mú nínú odò.

Ibi tí a ti yẹ okùn náà wò dáadáa ni Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Ẹgbẹ́ ọmọ kan fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ àti àṣà, àti Yorùbá fúnra rẹ̀, a kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Ẹgbẹ́ kejì ṣe bí gbogbo ayé ti ń ṣe, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta. Ìwé tí a ó fi kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá kò sí tẹ́lẹ̀, ó di dandan kí wọ́n kọ ọ́. Nígbà tí a dán wọn wò, àwọn ọmọ Yorùbá borí nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi wà ní ipò tí olùkọ́ 1882 wà. Èmi rò pé bí òfin tilẹ̀ sọ èdè tí a ó fi kọ́ni, kò sọ ohun tí a ó gbé sórí tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e dé Aládé, ní ẹsẹ̀ òkè Ìdànrè. Orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn ń gbé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé 1920. Ààfin àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ ṣì wà lókè, a sì ti kọ orúkọ òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tí UNESCO ń gbé yẹ̀ wò láti 2007. Nísàlẹ̀, kòkó ni. Ọmọ tí a bí sáàárín kòkó àti òkúta ni a ń kọ́ pé A ni ápù, èso tí kò hù ní oko baba rẹ̀.

Kí olùkọ́ tọrọ apẹ̀rẹ̀ kòkó kan lọ́wọ́ òbí kan. Ní ọjọ́ Ajé, kí a fi kùmọ̀ fọ́ ọ níwájú àwọn ọmọ, àdá kò yẹ nítòsí wọn. Kí wọ́n lá omi funfun tí ó bo èso inú rẹ̀, kí wọ́n sọ bí ó ti dùn, ní ohùn ilé wọn. Èdè Ìdànrè ní ìró kan tí a ń kọ ní *gh* tí Yorùbá inú ìwé ti pàdánù. Ọmọ tí ó bá pè é kò ṣe àṣìṣe, kí a má ṣe fi í ṣẹ̀sín. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí a wá kó èyí tí ó kù jọ, kí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó ní ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti ìṣirò, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń kùn pé iye Yorùbá le fún ọmọdé, nítorí pé láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ a ń yọ ni, a kò fi kún un mọ́. Ó le bí a bá ń há a sórí. Ṣùgbọ́n tẹ́ ogún èso kòkó gbígbẹ sórí ẹní. Mú ẹyọ kan kúrò: mọ́kàndínlógún. Mú òmíràn: méjìdínlógún. Orúkọ náà ń sọ ohun tí ọwọ́ ṣe. Nígbà tí ọmọ bá mú èkarùn-ún kúrò tí ó sì pe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti ṣe àyọkúrò láì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni. Ọmọ tí kò bá tíì lè kọjá mẹ́wàá, kí ó dúró ní mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ mìíràn ń bọ̀.

Ní ọjọ́rú, ìtàn bí àwọn ènìyàn ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, kí a gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà ìlú bí ó bá ṣeé ṣe. Kí wọ́n wo òkè náà láti ojúde, nítorí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, kì í ṣe ti ẹsẹ̀ kékeré. Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́tà K nínú iyanrìn, kòkó àti òkè. Ìtàn ìṣẹ̀dá nínú Jẹ́nẹ́sísì, níbi tí igi ti so èso tí irúgbìn rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kí a yí òkìtì inú ewé náà padà kí ọwọ́ wọn lè mọ̀ pé ó ti gbóná.

Ní ọjọ́ Ẹtì, dípò ìdánwò ti 1848, a ó ṣí ewé. Èso tí ó funfun ní ọjọ́ Ajé ti yí àwọ̀ padà, òórùn kíkan sì ti gba inú ọgbà. Bí ọmọ kan bá béèrè ohun tí ó mú un gbóná nígbà tí kò sí iná lábẹ́ rẹ̀, kí olùkọ́ kọ ìbéèrè náà sí ojú ewé ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.