Ṣé Onípìn-ín Máa Ń Wọ Ọgbà Ìgbafẹ́ Lọ́fẹ̀ẹ́? Ohun Tí Òfin Fún Yín àti Ohun Tí Ó Jẹ́ Ènì

Tí ẹ bá ra gààrí ní Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, tí ìyá tó ń tà á sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ènì nìyẹn. Ẹ ó dúpẹ́. Tí kò bá bù ú lé e, ẹ lè fajú ro, ẹ sì lè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn, àmọ́ ẹ ò lè torí ẹ̀ pè é lẹ́jọ́. Gààrí tí ẹ sanwó rẹ̀ ni ẹ ní ẹ̀tọ́ sí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣíà ṣe rí náà nìyẹn, ìyẹn ìpín tí èèyàn ní nínú ilé-iṣẹ́. Àwọn nǹkan kan wà tí òfin ní kí onípìn-ín gbà. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ló kàn fi ṣe ènì: tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́, ẹ̀dínwó lórí yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ààyè láti jókòó nínú láúńjì tí àwọn ẹlòmíràn kì í wọ̀.

Ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá fún ẹ̀yin olùgbọ́ wa ni pé ènì yìí gan-an làwọn kan lè fi fa ojú yín mọ́ra. Ká ní ẹnìkan pè yín lórí fóònù, tàbí ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ní kí ẹ san ₦200,000 kí ẹ lè di ọ̀kan lára àwọn tó ni ibùdó ìgbafẹ́ kan. Ó ní ẹ̀yin àti ìdílé yín á máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ títí ayé, ẹ ó máa jókòó ní láúńjì, èrè á sì tún máa wọlé lóṣooṣù. Kí lẹ fẹ́ rà gan-an? Ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín nìyẹn, torí pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè jẹ́. Ó lè jẹ́ ìpín lóòótọ́, tó máa sọ yín di onílé pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó lè jẹ́ káàdì ọmọ ẹgbẹ́, tó kàn fún yín láǹfààní láti wọlé fún ìgbà kan, tí kò sọ yín di onílé rárá. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ kàn ń kó owó fún ẹni ẹlẹ́ni ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kò sí ọmọ Èkìtì tí kò mọ Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì ló ni ibẹ̀, wọ́n sì fi í sí ìkáwọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni kan, Glocient Hospitality, tó jẹ́ ti Cavista Holdings, pé kó máa bójútó o. Orúkọ Ìkògòsì kò sí lórí pátákó NGX, ìyẹn ọjà tí wọ́n ti ń ra ìpín tí wọ́n sì ti ń tà á ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ń ta ṣíà Ìkògòsì fún yín, ẹ fún un ní àga, kó jókòó, kó ṣàlàyé ara rẹ̀ dáadáa.

Ti Odù'a Investment tún dùn ún gbọ́. Ní 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ sí Ògùn, Òndó àti Ọ̀yọ́, kó lè máa tọ́jú dúkìá tí wọ́n jọ ní. Lónìí, ìpínlẹ̀ mẹ́fà ló ni ín: Èkìtì, Èkó, Ògùn, Òndó, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́. Premier Hotel tó wà lórí òkè Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn àti Lagos Airport Hotel ní Ìkẹjà wà lára dúkìá rẹ̀. Torí náà, bí ọmọ Èkìtì bá ní "àwa náà lọ́wọ́ nínú Premier", kò purọ́. Àmọ́ ìpínlẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé onípìn-ín, bí èrè bá sì wá, àpò ìjọba ló ń lọ. Ẹ lè dé ibi ìgbàlejò wọn kí ẹ ní ọmọ onílé ni yín. Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì sọ iye tí yàrá jẹ́ fún yín.

Òtẹ́ẹ̀lì tí aráàlú lè fi owó ara rẹ̀ ra ìpín rẹ̀ wà o. Transcorp Hotels, tó ni Transcorp Hilton ní Abuja, ta ìpín fún aráàlú ní 2014 ní ₦10 ẹyọ kan, orúkọ rẹ̀ sì wọ pátákó ọjà ìpín ní 2015. Ikeja Hotel, tó ni Sheraton Ìkẹjà, wà níbẹ̀. Tourist Company of Nigeria, tó ni Federal Palace ní Victoria Island, náà wà níbẹ̀. Àwọn ọgbà tí àwọn ọmọdé ti ń gun ẹ̀rọ ayíbírí, irú Trans Wonderland ní Ìbàdàn, kò sí níbẹ̀ ní tiwọn.

Tí ẹ bá wá ra ìpín irú òtẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, kí ni òfin fún yín? CAMA, òfin tó ń darí àwọn ilé-iṣẹ́, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2020, ni ẹ máa gbé lé. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pè yín sí ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún, ìwé ìpè náà sì gbọ́dọ̀ ti jáde ó kéré tán ọjọ́ 21 ṣáájú. Ẹ lè dìbò níbẹ̀. Tí ẹ ò bá lè kúrò ní Adó, ẹ lè yan ẹlòmíràn kó lọ dúró fún yín. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti rí ìṣirò owó ilé-iṣẹ́. Tí wọ́n bá kéde èrè, ẹ ó gba tiyín gẹ́gẹ́ bí iye ìpín tí ẹ ní, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá kéde èrè lọ́dún kan, ẹ ò lè fi túláàsì gbà á. Kò sí ibì kankan nínú òfin náà tó ti sọ pé onípìn-ín yóò sùn lọ́fẹ̀ẹ́, yóò lúwẹ̀ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí pé yóò wọ láúńjì.

Láúńjì òtẹ́ẹ̀lì ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó bá sanwó yàrá ìpele gíga ló ń wọ̀ ọ́, tàbí ẹni tó bá ti sùn ní òtẹ́ẹ̀lì wọn káàkiri ayé débi pé ó ti ní ipò lórí káàdì oníbàárà wọn. Ní àwọn Hilton tó bá ní láúńjì, ẹni tó ti dé ipele Diamond ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún. Onípìn-ín tó ní mílíọ̀nù kan ìpín tí kò ní ipò yìí, tí kò sì gba yàrá, á dúró sí ìta pẹ̀lú gbogbo wa.

Ní ti ènì, àwọn onípìn-ín Nàìjíríà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ bi àwọn àgbà tó máa ń lọ sí ìpàdé ọdọọdún láyé ọjọ́sí. Wọ́n á sọ fún yín nípa báàgì, agboòrùn, jọ́lọ́ọ̀fù inú ike àti ohun mímu tí wọ́n máa ń gbé bọ̀ wálé. Ìjà a máa wáyé nídìí báàgì nígbà mìíràn, ẹni tí kò ní ìpín ẹyọ kan á sì wà lórí ìlà. Àjọ SEC, tó ń mójútó ọjà ìpín, wá gbé òfin jáde pé kí ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́jà má fún onípìn-ín tàbí àlejò kankan ní ẹ̀bùn níbi ìpàdé mọ́. Àrùn Kòrónà tún dé ní 2020, ọ̀pọ̀ ìpàdé di èyí tí àwọn aṣojú díẹ̀ ń jókòó ṣe, tí àwọn yòókù ń wò ó lórí fóònù. Kò sẹ́ni tó lè fi íntánẹ́ẹ̀tì gbé agboòrùn ránṣẹ́.

Àmọ́ níbòmíràn, ènì yìí di ohun ńlá. Ní Japan, ilé-iṣẹ́ tó ju 1,000 lọ ló ń fún onípìn-ín ní nǹkan. Oriental Land, tó ni Tokyo Disneyland tí wọ́n ṣí ní 1983, máa ń fi tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ránṣẹ́ sí onípìn-ín tí ìpín rẹ̀ bá tó iye tí wọ́n là sílẹ̀. Ẹni tí kò tó iye yẹn sanwó bí àlejò. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé Walt Disney ti Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kì í fún onípìn-ín rẹ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ kálukú ló ń pinnu tirẹ̀, ó sì lè yí i padà nígbàkúùgbà.

Ti Paris ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ní 1989, kí wọ́n tó kọ́ ọgbà náà tán, Euro Disney ta ìpín fún aráàlú ní 72 francs ẹyọ kan. Ọgbà ṣí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1992, gbèsè sì bò ó láìpẹ́. Àwọn onípìn-ín ní ẹgbẹ́ tiwọn: ẹ̀dínwó lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dínwó lórí oúnjẹ àti ọjà, àti láúńjì kan nínú ọgbà tí wọ́n ti lè jókòó kí wọ́n sinmi nígbà tí èrò ń rọ́ gììrì lóde. Ta ni kò ní wù? Èèyàn á mú ọmọ dání, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún un, ọmọ á sì rò pé bàbá òun ló ni gbogbo ẹ̀.

Ṣùgbọ́n iye ìpín náà ń lọ sílẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Nígbà tó di 2007, wọ́n pa ìpín 100 pọ̀ di ẹyọ 1. Ní 2017, Disney ra ìyókù lọ́wọ́ àwọn onípìn-ín ní 2 euro ẹyọ kan, orúkọ Euro Disney sì kúrò lórí pátákó ọjà ìpín Paris. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ra ìpín 100 ní 1989 san 7,200 francs. Tí a bá yí i sí euro, ó ń lọ sí bí 1,100. Tó bá dì í mú títí láìra kún un, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2017, 2 euro péré, láìka èrè yòówù tó lè ti gbà lọ́nà. Nígbà tí ìpín lọ, ẹgbẹ́ onípìn-ín náà túká, láúńjì di ti ẹlòmíràn.

Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń bèèrè ₦200,000 yẹn. Ẹ bi í bóyá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí pátákó NGX. Tí ó bá wà níbẹ̀, kò sídìí tí ẹ fi máa sanwó fún òun fúnra rẹ̀. Alágbàtà tí SEC fún níwèé àṣẹ ló ń ra ìpín fúnni, orúkọ yín ni wọ́n sì máa fi ṣí àkáǹtì CSCS tí ìpín náà máa wọ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, tó ní ilé-iṣẹ́ aládàáni ni, ọ̀rọ̀ ti di méjì. CAMA kò gba ilé-iṣẹ́ aládàáni láyè láti máa pe aráàlú wá ra ìpín rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àfi lórí ìkànnì tí SEC bá fọwọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni onípìn-ín rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 50 lọ, yàtọ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó lè fi ìwé CAC hàn yín. Ìwé náà lè jẹ́ ojúlówó. Ohun tó ń sọ kò ju pé ilé-iṣẹ́ náà wà, kò sọ pé SEC gbà kó máa gba owó yín.

Tó bá sì jẹ́ káàdì ọmọ ẹgbẹ́ ló ń tà, kò sí aburú níbẹ̀, tí ẹ bá ti mọ̀ pé káàdì ni. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ló máa kú, èèyàn mélòó ló kó mọ́ra, ṣé láúńjì wà nínú ẹ̀, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ sí káàdì náà tí ibùdó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí ìdáhùn wà lórí ìwé.

Ó ku àwọn tó ti ní ìpín tipẹ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba níbí ra ṣíà kí ọjà tó wó ní 2008, wọ́n sì ti ìwé rẹ̀ bọ inú àpótí. Èrè tó ti wọlé látìgbà náà lè wà nílẹ̀. Òfin ìṣúná ti 2020 ní kí èrè ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́jà, tí ẹnikẹ́ni kò bá gbà fún ọdún 6, lọ sínú àpò àkànṣe kan lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ni ín ṣì lè bèèrè rẹ̀, àmọ́ ìrìnàjò rẹ̀ á gùn sí i. Ẹ mú ìwé náà jáde, ẹ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ onípìn-ín lára rẹ̀, kí ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù ní báńkì yín tàbí lọ́dọ̀ wọn kí èrè lè máa wọ àkáǹtì yín tààrà. Wọ́n á bèèrè BVN. Tó bá jẹ́ pé òbí tó ti dolóògbé ló ni ìpín náà, ẹ máa nílò ìwé àṣẹ ogún láti Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó kí wọ́n tó dá yín lóhùn.