Bunyan, John (1628–1688)

Oníwàásù àti òǹkọ̀wé ará Elstow, nítòsí Bedford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bíi ti baba rẹ̀, ó ń rìn kiri tún ìkòkò irin ṣe. Ní 1660 wọ́n mú un nítorí ó ń wàásù láìgbàṣẹ. Nǹkan bí ọdún 12 ló fi ṣẹ̀wọ̀n. Àròsọ rẹ̀ tó lókìkí jù, Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, jáde ní 1678. Ìwé mìíràn ló ń kọ lọ́wọ́ tí ìtàn yìí fi dédé já lù ú. Bíbélì ni orísun rẹ̀, pẹ̀lú ìbẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀ tó ti dá òun fúnra rẹ̀ lóró. Ìdí nìyẹn tí ẹrù tí akọni rẹ̀ gbé pọ̀n fi ń wọ òǹkàwé lọ́rùn. Míṣọ́nnárì David Hinderer ló túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá. Ojú ọ̀nà rẹ̀ hàn kedere nínú ìrìn-àjò àwọn ọdẹ inú ìtàn àròsọ Fágúnwà, òǹkọ̀wé Yorùbá.